Gbólóhùn Kan Tí N Kò Túmọ̀ fún Màmá Mi

Agogo méje ku ogún ìṣẹ́jú ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, láàárín òjò ọdún tó kọjá. Mo mọ aago náà dájú nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ mi, mò ń dúró kí wọ́n pe ìrun Mọ̀gáríbì kí n tó gbé ìrẹsì kaná. Iná ìjọba ti lọ láti ọ̀sán. Màmá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Agége, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Ọ̀fìnkìn ti ń dà wọ́n láàmú láti bí ọjọ́ méjì, wọ́n sì ti lo oògùn ọ̀fìnkìn tí mo rà bọ̀ láti Ìkẹjà. Lójijì ni wọ́n gbé àwo náà sílẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì.

"Ìyá mi," wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, torí wọ́n ní ojú ìyá wọn ni mo gbé wáyé. "Wo iná tí wọ́n gbé kọ́ ojú fèrèsé ọ̀kánkán yẹn. Kí ló dé tí òṣùmàrè yí i ká?"

Mo wò ó. Iná oníbátìrì lásán ni, ó funfun báláú. "Kò sí òṣùmàrè kankan níbẹ̀, Màámi. Oorun ló ń kùn yín."

"Èmi tí mò ń fi ojú jẹun, ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún mi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo máa ń ronú nípa ẹ̀rín yẹn púpọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn, mo fẹ́ kó yé yín. Ẹ̀rín ẹni tó rò pé àkókò ṣì pọ̀ nílẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní kí n yan wákàtí kan péré tí wọ́n máa dá padà fún mi láyé mi, èyí ni màá yàn, kí n lè fi ìrẹsì sílẹ̀ ní tútù, kí n gbé wọn lọ sí ọsibítù kíá.

Kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣàì, apá òsì orí wọn ti ń fọ́ bíi pé òòlù ni wọ́n fi ń gbá a. Wọ́n bì lẹ́ẹ̀mejì. Ojú náà pọ́n bí ata.

Mo ní láti sọ ohun tí Màmá mi ń fi ojú ṣe. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà, láti ìgbà tí mo wà ní aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó síwájú pátákó funfun kan tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìgò òfìfo tí ẹ̀rọ ti fọ̀ á máa gba iwájú iná náà kọjá lórí bẹ́líìtì, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí ìdọ̀tí bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣán, Màmá mi á na ọwọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ẹnì kan kì í wò ó pẹ́. Bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ìjókòó kí ojú lè sinmi. Awògò ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà bá wọn délé. Kò sí ife tí wọ́n máa bu omi sí tí wọn kò ní kọ́kọ́ gbé sókè sí gílóòbù. Omi ọ̀rá, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn nínú oòrùn kí wọ́n tó fi eyín ya á. Nígbà tí mo mú ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ mi délé, ojú oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí kí wọ́n tó dì mọ́ mi. "Kò lábàwọ́n," wọ́n ní. "Ó yá, wá gba ìkíni." Èmi gan-an náà, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á fi ìka méjì gbé àgbọ̀n mi sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n á wò mí. "O sunkún lónìí." Tàbí, "O ò jẹun láti àárọ̀." Wọn kì í ṣì í. Inú máa ń bí mi nígbà náà, mo máa ń sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe ìgò. Báyìí, tí ẹ bá rí mi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ju bó ṣe yẹ lọ nírọ̀lẹ́, ìka méjì yẹn ni mò ń dúró dè. Kò wá mọ́. Àárò rẹ̀ ń sọ mí bí ẹni pé ìlú ọ̀tọ̀ ni Màmá mi wà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ẹní kan náà la ń sùn.

Èmi, bayokẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Mò ń bá ẹnì kan ta gíláàsì ojú fóònù ní Otigba, nínú ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, kí iṣẹ́ tí mo kàwé fún tó jáde. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ti ka ohunkóhun tó ní kẹ́mísìrì nínú ti di dókítà nìyẹn. Ìyá Dókítà ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń sọ pé n kì í ṣe dókítà, àmọ́ ká má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Nítorí náà, nígbà tí Màmá mi ń bì tí wọ́n di orí mú, gbogbo ojú kọ sí mi.

"Túúlu ni," mo ní.

Ta ni kò mọ ẹ̀fọ́rí túúlu? Ìdajì orí ló ń mú, ó ń mú èèyàn bì, ó kórìíra ìmọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bá a mu. Ìtọ́jú tí mo rí tí wọ́n ń ṣe fún un láti kékeré náà ni mo ṣe. Mo fi ìṣó kan ìró méjì mọ́ ojú fèrèsé, mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo jẹ́ kí yàrá náà ṣókùnkùn biribiri, mo fi òrí pa iwájú orí wọn, mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Ìgbéraga díẹ̀ wà nínú bí mo ṣe kan àwọn ìṣó náà. Mo rántí pé mo ní lọ́kàn mi pé, àbí ẹ ò rí i, ọmọ tí ẹ rán níwèé ló ń tọ́jú yín yìí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wà nínú òkùnkùn yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rẹ́ wọn wọlé wá, Àlàájà kan tó ń ta ike níwájú ilé wa, tí wọ́n jọ ń ṣe asàlátù ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àlàájà yìí ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rí, ọ̀fẹ́ tí àwọn olóṣèlú ṣe nígbà ìbò. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ ojú tí wọn ò ní dá sí.

"Ìyá Dókítà, ṣé o ò rí i pé Apóló ló wọ ojú yìí ni?"

"Apóló kì í mú èèyàn bì, Àlàájà."

"Ṣé ìwé ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwé ẹ mọ Apóló ju èmi tó ti mú lẹ́ẹ̀mẹta lọ? Gòkè lọ bá ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yẹn, kó fún ẹ lómi ọyàn díẹ̀. Ẹ kán an sí i."

Màmá mi sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, ohùn wọn kéré. "Àlàájà, ẹ kúkú pọ̀n mí, kí ẹ wá gbé mi jó."

"Tí mo bá pọ̀n yín, ta ni yóò bá mi gbé ẹ̀yìn mi? Ẹ gbé ojú sókè jàre."

A kán an. A rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò mọ̀ pé bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín yẹn, ojú náà ń kú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo yọ àwọn ìró náà kúrò lójú fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Oòrùn kún yàrá. Màmá mi jókòó dìde, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ọ̀tún, ojú òsì sì là sílẹ̀.

"Ṣé o ò tíì fẹ́ ṣí fèrèsé yẹn ni?" wọ́n bi mí.

A lọ sí ọsibítù ìjọba kan ní Ìkẹjà lójú ẹsẹ̀. Dókítà ojú tó bá wa lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, obìnrin kúkúrú kan ni, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ó máa ń yára sọ̀rọ̀. Ó tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ojú náà, ó fi nǹkan kan kàn án, ó sì pariwo pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n fa omi oògùn sí wọn lára, wọ́n fún wọn ní oògùn mímu, wọ́n ń kán ti ojú lé e. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, orí ti fúyẹ́. Dókítà wá jókòó, ó bi mí léèrè ohun tí a ti ṣe nílé. Mo sọ ti òrí, mo sọ ti omi ọyàn, mo sọ ti oògùn ọ̀fìnkìn. Nígbà tí mo dé orí ìró tí mo kàn mọ́ fèrèsé, ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kì í ṣe túúlu, kì í sì í ṣe Apóló. Gulakómà ni, èyí tó máa ń ti ilẹ̀kùn lójijì. Omi kan wà tó ń sun nínú ojú, kì í ṣe omijé, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà jáde ní etí ojú. Tí ọ̀nà náà bá tì, omi á kún, ojú á le bí òkúta, á sì máa fún iṣan tí a fi ń ríran pa. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú máa ń ṣí gbàgà, ara rẹ̀ á wá ká jọ sí ẹnu ọ̀nà náà, á tì í pa. Ó ní irú oògùn ọ̀fìnkìn kan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọ̀nà ojú rẹ̀ bá ti há tẹ́lẹ̀.

Kò bá mi wí. Ìyẹn ló burú jù. Ká ní ó bá mi wí ni, ǹ bá ti sunkún tán síbẹ̀, kó sì tán. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe é," ó sì ń kọ̀wé lọ.

Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí ojú ti rọ̀ díẹ̀, kí dókítà yìí tó pè wá jókòó. Ó gbé ojú oníke ńlá kan sórí tábìlì, ó tú u sí wẹ́wẹ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ kátárátì ni òun fẹ́ ṣe.

Gẹ̀ẹ́sì tí Màmá mi gbọ́ kò ju ti ilé iṣẹ́ lọ, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ wọlé, ẹ jáde, ìgò yìí kò dára. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Túmọ̀ rẹ̀. Má gé e kúrú o."

"Wọ́n ní kátárátì ni wọ́n fẹ́ yọ, Màámi."

"Kátárátì bí i ti Àlàájà? Ṣebí wọ́n ní gulakómà ni tèmi. Àbí wọ́n ti pààrọ̀ àìsàn fún mi ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà bi dókítà, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní lẹ́ǹsì kan wà nínú ojú gbogbo èèyàn, bí a ṣe ń dàgbà ló ń sanra sí i, tó bá ti ń ṣú ni a ń pè é ní kátárátì. Nínú ojú tó bá kéré láti ìpilẹ̀, lẹ́ǹsì tó sanra yìí á máa ti ara ọmọlójú síwájú, á sì dí ọ̀nà omi. Tí a bá yọ ọ́, tí a fi oníke tó tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀, àyè á wà, ọ̀nà á ṣí. Abẹ kan náà ni ti Àlàájà, ìdí tí a fi ń ṣe é ló yàtọ̀.

Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ kó lè yé awògò. Mo ní, "Màámi, ẹ wò ó bíi bẹ́líìtì yín. Ìgò kan ló sanra ju àwọn tó kù lọ, ó há sí ẹnu ibi tóóró, omi kò rí ọ̀nà kọjá. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́, wọ́n fẹ́ fi tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀."

Ojú wọn tàn. "Hẹn-ẹ̀n! Kí wọ́n tètè yọ ọ́ o. Ìgò kan tó bá há, gbogbo wa ló ń dá dúró." Wọ́n yíjú sí dókítà, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ilé iṣẹ́ sọ fún un pé kó yọ ọ́, kó yọ ọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín. Mo láyọ̀ gan-an ní ìṣẹ́jú yẹn. Mo rò pé gbogbo ọdún tí mo fi kàwé, torí kí n lè jókòó sáàárín àwọn méjèèjì yìí ni.

Dókítà wá sọ gbólóhùn kan sí i. Ó rọra sọ ọ́, ó ń wo Màmá mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ìríran tó ti lọ kò ní padà. Iṣan yẹn ti kú púpọ̀. Kí ìrora má padà wá, kí díẹ̀ tó kù má baà lọ, ìdí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nìyẹn."

Màmá mi ń wo ẹnu mi. "Kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn yẹn?"

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbẹ̀ fún ara mi. Kì í ṣe pé mo pinnu láti purọ́. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wá rí i pé bí mo bá sọ pé kò ní padà, ọ̀rọ̀ tó kàn tí wọ́n máa bi mí ni pé kí ló pa iṣan náà, màá sì ní láti sọ pé ọjọ́ mẹ́ta nínú òkùnkùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn mọ́ fèrèsé wà nínú ohun tó pa á. Ẹ̀rù bà mí. Ìfẹ́ náà wà níbẹ̀, ìfẹ́ pọ̀ níbẹ̀, n kò fẹ́ kí ojú tó tàn yẹn tún ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé. Mo ti pẹ́ kí n tó gbà pé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé.

"Wọ́n ní ojú náà máa dára," mo ní.

"Màá ríran?"

"Ẹ máa ríran, Màámi."

Dókítà bi mí bóyá ó yé wọn. Mo ní ó yé wọn. Màmá mi gba fọ́ọ̀mù, wọ́n gbé e sókè síbi iná àjà, wọ́n wò ó yípo, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kò pẹ́ rárá; n kò tíì ka Yáásínì tí mo mú lọ dé ìdajì tí wọ́n fi gbé wọn jáde pẹ̀lú bàńdéèjì lójú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó gbogbo àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, nọ́ọ̀sì sì ń ṣí wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbà kan láti Àgídìngbì ló ṣíwájú Màmá mi. Kátárátì lásán ni tiwọn. Nọ́ọ̀sì na ìka sókè.

"Bàbá, mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta. Òrùka kò sì sí lọ́wọ́ ẹ. Ṣé wọn ò tíì gbé ẹ níyàwó ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ń kígbe Alihamudulilahi, wọ́n ń tọ́ka sí gbogbo èèyàn, wọ́n ń sọ àwọ̀ aṣọ tí kálukú wọ̀. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín jù lọ. Wọ́n ti gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n ń dúró de tiwọn.

Nọ́ọ̀sì ṣí i. Ó na ìka. Màmá mi yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Ẹnì kan wà lẹ́yìn ọ̀rá," wọ́n ní. "Kó sún mọ́ mi."

Dókítà wá, ó wọn ojú náà, inú rẹ̀ sì dùn. Ojú ti rọ̀, ọ̀nà ti ṣí, kò ní nílò oògùn kíkán tó pọ̀ mọ́. Fún òun, iṣẹ́ náà yọrí sí rere, òótọ́ ló sì sọ. Ó bọ Màmá mi lọ́wọ́. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò tó gbé nǹkan tí a kò bèèrè wá.

A gba Òpébì padà, a dúró kí n ra omi. Wọ́n gba omi ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi eyín ya á, wọ́n mu ún. Wọn kò gbé e sójú oòrùn.

"O ní mo máa ríran," wọ́n ní.

"Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, Màámi." Irọ́ kejì nìyẹn.

Dókítà ti ní kí wọ́n má forí kanlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lórí àga ni wọ́n ti ń kírun ní asàlátù, wọ́n jókòó gbọnrangandan láàárín àwọn tó tẹríba. Àlàájà ń bi wọ́n ní gbogbo ìgbà pé, "Ó ti là báyìí?" Wọ́n á ní, "Ó ń là bọ̀." Níbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn gbé wọn kúrò níwájú iná lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ páálí. Ó fi ọ̀wọ̀ ṣe é, kò lé wọn. Ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, pé èèyàn kì í fi ojú lẹ páálí, ọwọ́ lásán ni.

Ìrora náà kò padà mọ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ lẹ́ǹsì náà, kò sí ẹ̀fọ́rí, kò sí èébì. Iṣẹ́ abẹ náà ṣe ohun tó wá ṣe. Èmi ni mo fi orúkọ mìíràn pe ohun tó wá ṣe.

Ojú ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ kù sí báyìí. Ó ń ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ náà há, bákan náà ni a dá ojú méjèèjì. Wọ́n ti fi iná léésà lu ihò kékeré sí i, síbẹ̀ dókítà ní lẹ́ǹsì náà ti sanra jù, ọ̀nà náà ń há sí i, ìfúnpá inú ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó fẹ́ yọ ọ́ nísinsìnyí tí ìríran ṣì pé, kó tó di pé ilẹ̀kùn tì. Ó ti fún wa ní ọjọ́, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Màmá mi kọ̀. Wọn kò tilẹ̀ pariwo. "Wọ́n ti ṣe ọ̀kan, a ti rí i. Èyí tó kù yìí, tèmi ni."

Àlàájà gbè wọ́n lẹ́yìn. "Ojú tó ń ríran kedere! Kátárátì tí kò tíì pọ́n, ta ló ń ká a? Tèmi pọ́n dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ wo bí mo ṣe ń rí kòkòrò lórí ìrẹsì."

Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Mo tún gbé ọ̀rọ̀ ìgò kalẹ̀. Màmá mi fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Wọ́n ní, "Bí o ṣe ṣàlàyé ti àkọ́kọ́ náà nìyí, ó sì dùn létí."

Ọjọ́rú tó kọjá, a lọ fún àyẹ̀wò. Obìnrin kan jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì, ó mú káàdì rẹ̀ dání, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ní ojú òun kan ti tì rí, wọ́n ti rọ̀ ọ́, ó wá ku kí wọ́n yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ lọ́la. Ó bi Màmá mi bóyá wọ́n ti ṣe tiwọn.

"Wọ́n ṣe é," Màmá mi ní. "Kò ṣiṣẹ́ fún mi. N kò rí ju òjìji lọ. Tí ìwọ bá ṣì ń rí díẹ̀, àbúrò, di díẹ̀ ẹ mú."

Obìnrin náà wo káàdì rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn dókítà. Kò pẹ́, ó dìde, ó gbé báàgì, ó ń lọ.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo bá a lẹ́nu géètì, mo di apá rẹ̀ mú, ó tilẹ̀ bà á lẹ́rù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ pé iṣan Màmá mi ti kú kí abẹ tó dé, pé abẹ kò lè jí i, pé ìdí tí a fi ṣe é ni kí ìrora má padà, kí díẹ̀ tó kù má lọ, pé dókítà sọ ọ́, èmi ni n kò túmọ̀ rẹ̀. Ó jáde lẹ́nu mi geerege. N kò kólòlò, n kò sunkún. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé Màmá ẹ mọ̀?"

Mo mi orí pé wọn kò mọ̀.

Ó padà wọlé, ó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó jìnnà sí tiwa. Èmi náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá mi.

"Níbo lo lọ?" wọ́n bi mí.

"Mo lọ tọ̀," mo ní. Irọ́ kẹta.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi ìdí tí mo fi lè sọ gbólóhùn náà fún ẹni tí n kò mọ̀ rí, tí n kò sì lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Mo rò pé ohun tí mò ń fẹ́ ni kí àwa méjèèjì padà sí bí a ṣe wà kí n tó la ẹnu níwájú dókítà yẹn, kí wọ́n lè tún wo ojú mi kí n má ní ohunkóhun tí mò ń fi pamọ́ síbẹ̀. Kò sí ọ̀nà síbẹ̀ mọ́ àfi nípasẹ̀ òtítọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á mọ̀ pé abẹ náà kò já wọn kulẹ̀, bóyá wọ́n á gbà kí wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa gbọ́ kò ju pé ọmọ wọn purọ́ nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ síwèé, wọn kò sì ní gba ọ̀rọ̀ ojú gbọ́ lẹ́nu mi mọ́ láéláé, ojú kan ṣoṣo tó kù á sì tì mọ́ wọn lára. Bí mo bá sì dákẹ́, ọjọ́ Ajé á kọjá.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti bí ọmọ tó ti purọ́ fún yín torí ìbẹ̀rù rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí èmi fúnra mi kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún wọn nínú yàrá wa, àwa méjì péré, àbí kí n bẹ dókítà kó wá nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá, kó sọ gbólóhùn náà lákọ̀tun níwájú mi, kí n sì jẹ́wọ́ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò fi ní dí etí kí n tó dé orí ojú ọ̀tún?